Ẹ Bi Àǹtí: "Ìwé méjì ni mo kà, súpáfáísọ̀ mi ní mi ò tíì fi wọ́n wéra"

Ẹ káàárọ̀ Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo wà lọ́dún kẹrin ní yunifásítì, ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, pírójẹ́ẹ̀tì ló ń dà mí láàmú. Ìwé ayé Queen Victoria méjì ni mo mú, Hard Times tí Charles Dickens kọ àti North and South ti Elizabeth Gaskell, torí àwọn méjèèjì ló sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ òwú àti ìyà tó ń jẹ òṣìṣẹ́ ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi Chápítà 2 sọ ti Dickens, mo fi Chápítà 3 sọ ti Gaskell, Chápítà 4 wá ni ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, mo tò ó ní nọ́ńbà. Súpáfáísọ̀ mi fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìtàn lo sọ fún mi, ìfiwéra dà?" Ojú tì mí ma. Mo ti kádìí ẹ̀ pé Gaskell fẹ́ràn òṣìṣẹ́ ju Dickens lọ, mo rò pé ìyẹn ti tó. Ọ̀sẹ̀ 3 péré ló kù, kí ni kí n ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́ tọ́rọ̀ ti sú, Ìbàdàn

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Má jẹ́ kójú tì ẹ́ rárá, súpáfáísọ̀ ẹ ò bú ẹ, ọ̀nà ló ń fi hàn ẹ́. Èmi náà ṣe irú ẹ̀ nígbà tí mo wà níléèwé, mo sọ ìtàn ìwé kan tán, mo sọ ti ìkejì tán, mo wá rò pé tí mo bá ṣáà ti kó àwọn méjèèjì sínú fáìlì kan wọ́n á máa bára wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìwọ lo máa wá ìbéèrè kan, kó o fi bi ìwé àkọ́kọ́, kó o tún fi ìbéèrè yẹn gan-an bi ìkejì, kó o wá tẹ́tí sí bí oníkálukú ṣe dáhùn àti ibi tó ti dákẹ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà ẹ ni ìwé méjì tó o mú yẹn, torí ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ jáde, Household Words lorúkọ ẹ̀, pẹ́nì 2 ni wọ́n ń tà á, Dickens yìí kan náà sì ni olóòtú ẹ̀. Hard Times bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1854, ó parí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ. Kò pé oṣù kan sí i, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, North and South ti bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń bá a lọ títí wọ oṣù kìíní ọdún 1855. Ṣó o rí i pé ẹni tó bá ń ra ìwé yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò pẹ́ tó ka ikú Stephen Blackpool, òṣìṣẹ́ inú Hard Times, tán tó fi bá Bessy Higgins, òṣìṣẹ́ inú North and South, pàdé, wọ́n ti ń gbé méjèèjì wo pọ̀ kí ìwọ àtèmi tó dáyé.

Èyí tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ jù nìyí. Gaskell gbọ́ pé Dickens náà ń kọ ìwé ilé iṣẹ́, ẹ̀rù ń bà á pé tí Dickens bá fi ìyanṣẹ́lódì sínú tiẹ̀, tòun á wá dà bí àwòkọ. Dickens kọ̀wé sí i ní oṣù kẹrin ọdún 1854 pé kó fọkàn balẹ̀, òun ò ní fi ìyanṣẹ́lódì sí i. Bẹ́ẹ̀ Dickens yìí ti lọ sí ìlú Preston ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, torí wàhálà òṣìṣẹ́ tó ń lọ níbẹ̀ ló ṣe lọ, ó fojú ara ẹ̀ rí i. Padà sí Hard Times kó o tún un wò: Slackbridge, ẹni tó ń ru àwọn òṣìṣẹ́ sókè, ń pariwo níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, Stephen lóun ò bá wọn ṣe, wọ́n kẹ̀yìn sí i, ọ̀gá náà tún lé e níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìyanṣẹ́lódì ní Coketown, ìlú inú ìwé yẹn. Ti Gaskell ńkọ́? Ìyanṣẹ́lódì ni àárín ìwé yẹn, òun ló gbé Thornton, ọ̀gá ilé iṣẹ́ òwú, lọ kó àwọn ará Ireland wá rọ́pò òṣìṣẹ́, òun ló kó èrò wá sẹ́nu géètì tí òkúta fi ba Margaret, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé. Torí náà kó o tó sọ ẹni tó fẹ́ràn òṣìṣẹ́ jù, kọ́kọ́ bi ara ẹ léèrè pé kí ni oníkálukú wọn jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí ṣe nínú ìwé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Mo fẹ́ kó o mú ikú méjì, kó o gbé wọn síwájú ara wọn. Bessy ń kú lọ torí eruku òwú. Ó jókòó ti Margaret, tí ọjọ́ orí àwọn méjèèjì ò jura wọn lọ, ó ń ṣàlàyé fún un pé níbi tí wọ́n ti ń gbọn òwú, ohun tín-ín-tín kan máa ń fò kúrò lára ẹ̀, gbogbo inú yàrá á funfun, á wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, á wé mọ́ ọn, á fún un pọ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà tí wọ́n lè gbé sí ìdí yàrá tó máa fa eruku yẹn jáde, ṣùgbọ́n ó tó pọ́n-ùn 500 tàbí 600, kò sì ní mú èrè kankan wọlé, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò fi rà á. Ó wá fi kún un pé òun gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan gan-an ò fẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn, torí eruku tí wọ́n ń gbé mì ti mọ́ wọn lára, tí kò bá sí i ebi á máa pa wọ́n, kí wọ́n yáa fi kún owó wọn. Ọmọ mi, dúró síbẹ̀ dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo pa ìwé dé ni, mi ò lè tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ yẹn.

Stephen ní tiẹ̀, inú kòtò ìwakùsà tí wọ́n pa tì ló já sí, Old Hell Shaft, níbi tó ti ń rìn bọ̀ láti wá wẹ orúkọ ara ẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, òun náà sọ̀rọ̀ bíi ti Bessy: kòtò yẹn pa èèyàn nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n pa á tì, ó tún ń pa èèyàn, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ̀wé bẹ àwọn tó ń ṣòfin. Ó wá ní gbogbo ẹ̀ kàn dàrú ni. Àwọn méjèèjì ń kú nítorí ohun tẹ́nìkan lè tún ṣe tí wọn ò tún ṣe, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Bessy dárúkọ owó ẹ̀, ó sọ bí eruku ṣe ń ṣiṣẹ́ lára, ó tún sọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mọ́ ọn. Ìràwọ̀ kan ni Stephen ń wò lókè.

Má wá sáré kọ ọ́ pé Gaskell ló mọ òótọ́, pé Dickens kàn ń wo sánmà. Ìwé Ìfihàn ni Bessy ń kà tọ̀sán tòru, ọ̀run lòun náà ń retí. Bákan náà, má gbójú fo Boucher, òṣìṣẹ́ kan nínú ìwé Gaskell, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló fipá mú un wọlé, ebi ń pa àwọn ọmọ ẹ̀, ó parí sínú omi. Gaskell ò fi ẹgbẹ́ yẹn ṣe áńgẹ́lì. Tó o bá rí ibi tí ìyàtọ̀ tó o ti kọ sílẹ̀ kò ti fẹ́ dúró dáadáa, máa sá tọ̀ ọ́ lọ ni o, ibẹ̀ ni ojúlówó iṣẹ́ ẹ máa ti jáde.

Nǹkan kan ṣì wà tí mi ò rí nínú nọ́ńbà tó o tò. Níbo ni òwú yẹn ti ń wá? Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù, àwọn ẹrú ló sì ń gbìn ín. Láàárín ọdún 1850 sí 1860 yẹn náà, oníṣòwò kan ní Manchester tó ń jẹ́ Thomas Clegg, òun àti Henry Venn ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, ń sapá kí òwú Abẹ́òkúta lè máa dé ibẹ̀. Ìlú Manchester yìí ni Gaskell ń gbé, ibẹ̀ ló fi ṣe àwòrán Milton, ìlú inú North and South. Ìpínrọ̀ kan péré ti tó fún un, má jẹ́ kó gba pírójẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Fún ọ̀sẹ̀ 3 tó kù, tú chápítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ká. Fi ọ̀kan ṣe ikú méjì yìí, fi ọ̀kan ṣe ìyanṣẹ́lódì tó wà àti èyí tí kò sí, fi ìkẹta ṣe ẹ̀kọ́: Sissy, ọmọ iléèwé inú Hard Times, tí bàbá ẹ̀ ń bá ẹṣin ṣiṣẹ́ tí kò rí ọ̀rọ̀ fi sọ ohun tí ẹṣin jẹ́ ní kíláàsì, àti Thornton, odindi ọ̀gá ilé iṣẹ́, tó ń lọ kọ́ ìwé Gíríìkì lọ́dọ̀ bàbá Margaret. Ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú chápítà kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ti kọ èyí tó jẹ́ ti ikú tán, fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ kà á.

Ẹ ǹlẹ́ o Àǹtí. Kí ló dé tí àwọn ìwé ayé Victoria fi ń gùn báyìí? Ọmọ mi ń ka ọ̀kan fún ìdánwò, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.
Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìkòròdú

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Owó wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ọ̀pọ̀ wọn jáde, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù. Àwọn mìíràn, apá 3 ni wọ́n ń pín in sí, ṣílè 31 àti sísì ni gbogbo ẹ̀, owó ńlá nígbà yẹn, ìyẹn lèèyàn fi ń yá a lọ́dọ̀ Mudie, ẹni tó ń fi ìwé yíyá ṣòwò ní London, ẹni tó san pọ́n-ùn 1 àti ṣílè 1 lọ́dún, apá kan ṣoṣo ló lè mú lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìwé alápá mẹ́ta dára fún ọjà Mudie. Gígùn náà sì ń fún wọn láàyè, Gaskell gan-an ò dùn sí i pé wọ́n mú òun sáré parí North and South, ó fi kún un nígbà tó di ìwé ní 1855. Ẹ ní kí ọmọ má kà á lálẹ́ kan ṣoṣo, orí méjì lójúmọ́, kó sì máa sọ ọ́ fún yín tẹ́ ẹ bá ń jẹun alẹ́.