Ìbéèrè Yín Lórí Ọgbà: Róòsì Tí Òjò Ìbàdàn Kò Ní Tú Sí Ìhòòhò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń dáhùn ìbéèrè wa. Igi róòsì mẹ́ta ni mo gbìn síwájú ilé mi ní Àkọ́bọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n a máa wu ènìyàn wò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di oṣù Kẹfà, àmì dúdú dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ewé wọn, ewé á di àwọ̀ ìyeyè, á sì máa wọ̀ títí igi á fi dúró ní ìhòòhò. Ọmọ mi tó ń gbé ní Kánádà ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn róòsì kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń kọ “hardy” sí lára, tí kì í kú bọ̀rọ̀, òun yóò sì fi ẹ̀ka wọn rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Ṣé kí n gbà á? (Ìyá kan ní Àkọ́bọ̀)

Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ọmọ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n òtútù ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń bá wí, òjò ni ó sì ń yọ ẹ̀yin lẹ́nu. Ní Kánádà, ohun tí “hardy” túmọ̀ sí lára igi ni pé yìnyín kò lè pa á. Ìjọba ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn rẹ̀ pilẹ̀ ọ̀wọ́ róòsì tí wọ́n ń pè ní Explorer, tí wọ́n fi orúkọ àwọn arìnrìn-àjò ìgbàanì sọ, kí àwọn ará ibẹ̀ lè ní òdòdó tí yóò la òtútù tó lọ sílẹ̀ dé 30 ìwọ̀n Celsius nísàlẹ̀ òdo já. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ rugosa wà lára wọn, ìyẹn róòsì etíkun ìlà-oòrùn Éṣíà, ooru tiwa yìí kò sì bá irú wọn lára mu rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀ka igi tútù kì í ṣe ohun tí à ń ká sínú báàgì gba pápákọ̀ òfurufú wọlé. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn tó ń wọ orílẹ̀-èdè yìí, nítorí kí àrùn tí kò sí nílé má baà bá a dé.

Ohun tó ń ṣe ewé yín, àrùn àmì dúdú ni, ẹbí ohun tó máa ń hu lára búrẹ́dì tó bá bu. Ẹ já ewé kan, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: ẹ ó rí i pé etí àmì dúdú náà kò gún, ńṣe ni ó fọ́nká bí ìgbà tí aró bá yọ́ kọjá ibi tí ẹ̀kọ dí lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí ewé bá ti tutù fún nǹkan bí wákàtí 7 láìgbẹ, àrùn náà ti ráyè wọlé nìyẹn. Òjò ọ̀sán tó rọ̀ fún wákàtí kan, tí oòrùn sì yọ lé e lórí, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí ewé sùn nínú rẹ̀ mọ́jú, ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀yin náà sì mọ iye irú òjò bẹ́ẹ̀ tí à ń rí láàrin oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá.

Nítorí náà, ìdílé róòsì tí ooru kì í bà lẹ́rù ni kí ẹ wá, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ṣáínà: irú Old Blush tó ń tan òdòdó píǹkì léraléra, tàbí Mutabilis tí òdòdó rẹ̀ máa ń là ní àwọ̀ ìyeyè, tí yóò di píǹkì, tí yóò sì pupa kí ó tó rẹ̀ dànù. Èmi kò sọ pé àmì dúdú kì í yọ lára wọn o. Wọ́n máa ń tètè hu ewé mìíràn ni. Róòsì Knock Out, tí William Radler pilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2000, le sí àmì dúdú jù wọ́n lọ dáadáa, síbẹ̀ àrùn mìíràn tí kòkòrò tín-tìn-tín kan ń gbé kiri ń pa á ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Àrùn àmì dúdú pàápàá ní ẹ̀yà oríṣiríṣi, èyí ni ó fi jẹ́ pé róòsì tó borí rẹ̀ nílùú kan lè ṣubú fún un nílùú mìíràn.

Ìṣòro wa ni pé àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì kò mọ orúkọ, àwọ̀ ni wọ́n fi ń tà: “pupa wà, funfun wà.” Ọgbọ́n tí èmi ń dá ni pé n kì í ra róòsì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo wọn bá rẹwà. Òpin oṣù Kẹsàn-án ni mo máa ń lọ, nígbà tí òjò bá ti nà wọ́n dáadáa. Èyí tí ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ láàrin àwọn tó ti wọ́wé, tí olùtajà kò sì wọ́n oògùn sí, òun ni mo máa ń gbé. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ yóò ti tètè gbẹ ìrì ara rẹ̀, kí ó jìnnà sí èkejì tó mítà 1, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí òjò má baà máa ta ẹrẹ̀ sí i lára. Ìdí ni kí ẹ máa bomi sí, kì í ṣe orí. Gbogbo ewé tó bá wọ̀ ni kí ẹ ṣà, kí ẹ sì sun ún.

Nínú ọyẹ́, nígbà tí òjò kankan kò rọ̀, ìyẹ̀fun funfun bí èlùbọ́ ń bo ọ̀mùnú róòsì mi, ewé á sì ká kò. Ṣé ọ̀kan náà ni? (Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní Òkè-Àdó)

Rárá, Bàbá. Èyí kò fẹ́ kí ewé tutù kí ó tó ràn. Ọ̀sán gbígbẹ àti òru olótùútù ni ó fẹ́, ọyẹ́ sì ní méjèèjì. Ẹ fi omi fọ ewé náà lókè àti nísàlẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ka èsì mi sí Mọ́mì Àkọ́bọ̀ lè ní mo ń ta ko ara mi, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, omi tí a dà láago méje kò ní wà lára ewé títí di aago mẹ́sàn-án. Ó tún ń lé àwọn aláǹtakùn pupa kéékèèké tó ń mu omi ara ewé láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn tí wọ́n fi imí-ọjọ́ ṣe, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ tí ooru kò bá dé 30 ìwọ̀n Celsius. Mo wọ́n ọn lọ́sàn-án gangan lọ́dún kan, ewé tí mo fẹ́ wò sàn sì jóná bí ẹni pé mo fi áyọ́ọ̀nù lù ú.

Mo ra “desert rose” sínú kòkò ní Ṣángo. Ṣé kò ní le ju róòsì lọ? (Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbọwọ́)

Àbúrò, orúkọ lásán ni ó fi jọ róòsì. Adenium ni, igi ilẹ̀ gbígbẹ Áfíríkà. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò tó dúró sínú kòkò máa ń mú ìdí rẹ̀ rà, nítorí náà gbé e sábẹ́ òrùlé bí òjò bá dé. Má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan oje rẹ̀: májèlé tí àwọn ọdẹ máa ń fi sẹ́nu ọfà ni.

Ìgbà wo ni kí n gé róòsì mi kí ó lè tanná fún Kérésìmesì? (Ìyàwó ilé ní Ìyágankú)

Láàárín ìparí oṣù Kẹwàá sí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kọkànlá, nítorí pé láti ìgbà tí a bá gé e, ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí òdòdó tó yọ. Ẹ lo sísọ̀ mímú, ẹ gé e ní gẹ̀rẹ́, díẹ̀ lókè ojú igi tó kọjú síta, kí àárín igi lè máa gba atẹ́gùn.

Bí ẹ bá ti ń gé e, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ róòsì tí à ń rà ni wọ́n lọ́ mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn, ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ sì máa ń wú bí kókó. Mo ra pupa kan nígbà kan rí. Lọ́dún kejì, ọ̀mùnú méjì ṣẹ́ yọ lábẹ́ kókó náà, wọ́n ga ju èmi lọ, àmì dúdú kankan kò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ń pe àwọn aládùúgbò wá wòran pé ọwọ́ mi ti ba róòsì tí kì í ṣàìsàn. Gbòǹgbò ló ń hu tirẹ̀; kí n tó mọ̀, pupa tí mo fowó rà ti kú lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ wa erùpẹ̀ dé ibi tó ti yọ, kí ẹ fà á ya kúrò lára gbòǹgbò. Ẹ má fi sísọ̀ gé e lójú ilẹ̀, nítorí méjì tàbí mẹ́ta ni yóò fi padà.