Iṣẹ́ ilé ọmọ mi: kí ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí bíi tèmi. Olùkọ́ ọmọ mi ọkùnrin níbí ní Manchester ní kó mú nọ́mbà ńlá kan, kó kọ ohun tó bá rí nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó ní ti Yorùbá lòun fẹ́, mo bá ní kó mú 20,000, ọ̀kẹ́ kan. Ó wò ó títí, ó ní òdo lásán ló kún inú rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Irú iṣẹ́ yìí ti mú kí ọbẹ̀ tutù nílé wa ní Houston rí.

Ẹ ní kó máa fi 2 pín 20,000 títí kò fi ní ṣe é pín mọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni, yóò ku 625. Kó wá fi 5 pín ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò ku 1. Àṣé 2 àti 5 nìkan ló wà níkùn ọ̀kẹ́! Èèyàn mẹ́ta kò lè pín in dọ́gba láé, èèyàn méje náà kò lè pín in.

Owó ẹyọ ni kẹ́ ẹ fi ṣàlàyé fún un. Ogójì ni wọ́n ń sín sókùn kan láyé àtijọ́, àádọ́ta okùn á di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá á kún àpò kan. Àpò yẹn gan-an ni ọ̀kẹ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ló kù yìí. Tó bá to ọ̀kẹ́ kan ní ìlà 141, kí ẹyọ 141 wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, 119 á ṣẹ́kù. Tó bá sọ ọ́ di 142, kò ní tó. Ṣùgbọ́n kó da ọ̀kẹ́ méjì pọ̀: igba ìlà, igba ẹyọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó pé géérégé! Ọ̀kẹ́ kan ọ̀hún náà ṣe é tò bó bá pín in sí ojú méjì: 100 lọ́nà 100, ẹ̀ẹ̀mejì. 140 lọ́nà 140 pẹ̀lú 20 lọ́nà 20 náà wọlé. Ọmọbìnrin mi tún rí 124 àti 68. Èmi kọ́ o, mo ti sùn.

Bó bá bèèrè pé mílíọ̀nù ńkọ́, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni.