Oorun Ń Pa Mí Nídìí Bésíbọ́ọ̀lù Ọmọ Mi

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Houston ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Àkọ́bí wa ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ilé bọ́ọ̀lù ni ilé wa. Kó tó lè rìn dáadáa ló ti ń fẹsẹ̀ gbá ọsàn kiri pálọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé ti fà á wọ Little League, líìgì bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, bésíbọ́ọ̀lù nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Bí Sátidé bá ti dé, èmi ni mo ń gbé e lọ, èmi náà ni mo ń jókòó tì í.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oorun ń pa mí níbẹ̀. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá afẹ́fẹ́, wọ́n á tún fìlà dé, wọ́n á tutọ́, wọ́n á wo ara wọn lójú, ó tún di ìgbà kan ná. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, kéèyàn bẹ̀rẹ̀ mú ẹ̀pà nílẹ̀ báyìí, góòlù lè ti wọlé. Kí gan-an ni wọ́n ń rí nínú eré yìí? Ṣé kí n fọgbọ́n fà á padà sídìí bọ́ọ̀lù ni, àbí ẹnì kan wà nínú yín tó ti rí adùn ibẹ̀, kó wá là mí lóye?

*Bàbá ọmọ mẹ́ta, Houston*

Èsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú oòrùn Texas. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á padà síbì kankan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó gbé fóònù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ní òun ń lọ sí pápá, kí lẹ tún ń wá? Ìyá ìbejì ni mí, Chicago la wà. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá gbá a: Táyé ló ń ju bọ́ọ̀lù, Kẹ́hìndé ló ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi láti mú un.

Pé eré náà falẹ̀, n ò ní bá yín jiyàn. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal fi aago wọ̀n ọ́n ní 2013: nínú eré tó ń gbà tó wákàtí mẹ́ta, àsìkò tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní ti gidi kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 lọ. Àwọn aláṣẹ líìgì ńlá náà mọ̀ pé ó ti ń sú àwọn èèyàn. Ní 2021, eré kan ń gbà tó wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10. Nígbà tó di 2023, wọ́n gbé aago kalẹ̀ fún ẹni tó ń jù: lọ́dún náà, ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ló ní bí kò bá sẹ́nì kankan lórí bésì (àwọn ibùdó tí wọ́n ń sá gbà yí pápá ká), 20 bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni eré já wálẹ̀ sí nǹkan bí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí yọ yín lẹ́nu díẹ̀: ní 2005, ní Houston yín níbẹ̀, White Sox wa àti Astros yín gbá a dé inning (ìpín eré) kẹrìnlá, bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án ló yẹ kó jẹ́, nínú World Series, àṣekágbá líìgì ńlá. Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 41 ló gbà, àwa la sì borí. (Bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé sá kiri ńkọ́? Ìwé ìròyìn kan náà wọn ìyẹn, ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n rí. Kò sì sẹ́ni tó ń sùn nídìí Super Bowl, àṣekágbá wọn.)

Ohun tó ń mú yín sùn ni pé bọ́ọ̀lù lẹ̀ ń wò. Ojú tá a fi ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò ṣeé gbé wá síbí. Ẹni tí kò mọ ayò ta, tó dúró ti ọpọ́n, ohun tó máa rí ò ju àgbà méjì tó ń da ọmọ ayò sínú ihò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀ta tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ka ọmọ tó wà níhòó, ó ti mọ ohun tí bàbá yẹn ń dọ́gbọ́n sí, ó ti ń rẹ́rìn-ín kí ọwọ́ tó kan ọpọ́n rárá. Ohun tó wà kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù ni kí ẹ máa wò.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn àwọ̀n, níbi tí ẹ ti máa rí ojú ẹni tó ń jù. Ẹni tó lóṣòó yẹn ń fi ìka ránṣẹ́ sí i láàárín itan rẹ̀: ìka kan, jẹ́ kó sáré, ìka méjì, nǹkan mìíràn. Àwọn tèmi, Kẹ́hìndé á na ìka kan, Táyé á mi orí. Á na méjì, Táyé á tún mi orí. Kẹ́hìndé á wá dìde, á rìn lọ bá a, wọ́n á fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu bí ẹni tó ń gbèrò ogun. Èmi tí mo bí wọn mọ̀ pé ìjà ta ló jẹ ẹran ta láàárọ̀ ni wọ́n ṣì ń jà.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa wo iye tó wà lójú pátákó. Bí ó bá jù ú síta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹni tó di igi á rìn lọ sí bésì àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí strike (bọ́ọ̀lù tó wọ ibi tó yẹ tí kò gbá, tàbí tó fi igi gbá tí kò bà á) bá pé mẹ́ta, ó ti jáde nìyẹn. Nítorí náà, bó bá ti jù ú síta lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìní strike kankan, kò lè ṣe yàngà mọ́, àárín gan-an ló gbọ́dọ̀ jù ú sí, ẹni tó di igi náà sì mọ̀. Bó bá jẹ́ strike méjì ló ti rí gbà láìju ìkankan síta, ìgbà yẹn ni á máa fi bọ́ọ̀lù burúkú tan ọmọ ọlọ́mọ. Ẹsẹ̀ bàtà 46 péré ló wà láàárín ọmọ tó ń jù àti ọmọ tó di igi ní Little League. Ẹni tí kò bá ti pinnu kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kejì, ó ti pẹ́ jù.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, ẹ̀rí wà nílùú yín. Ní 2017, ọdún tí Astros gba ife World Series àkọ́kọ́ wọn, kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ji ìka ẹni tó lóṣòó wò. Ẹnì kan tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́bàá pápá á wá máa lu garawa ìdọ̀tí. Bí garawa bá dún, bọ́ọ̀lù tó máa yà ló ń bọ̀. Bó bá dákẹ́, èyí tó ń sáré ni. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé wọn lórí, wọ́n sì ní kí kóòṣì àti ọ̀gá àgbà wọn lọ rọ́kún nílé fún ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n, àsìkò tí ẹ̀yin fi ń sùn yẹn gan-an ni wọ́n jí.

N ò sọ pé ó dùn ju bọ́ọ̀lù lọ o. Ìyẹn ò lè tẹnu mi jáde. Ta ló máa gbàgbé Òlíńpíìkì 1996, ní Athens ní Georgia níbí? Brazil ti fi 3-1 nà wá, eré ti ń lọ sópin, Ikpeba gbá ọ̀kan sáwọ̀n, Kanu gbá òmíràn nígbà tí aago fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ó tún gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀ nínú àfikún àkókò. Kò sí bésíbọ́ọ̀lù tó lè mú mi ké báyẹn. Ṣùgbọ́n aago tó fún wa ládùn lọ́jọ́ náà ló ń bí mi nínú lọ́jọ́ mìíràn: ẹgbẹ́ tó bá ti ń borí, aṣọ́lé wọn á ṣubú, á di orúnkún mú, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù lọ sí kọ́nà, wọ́n á máa fi ìdí bò ó. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, kò síbi tí wọ́n ń gbé eré pamọ́ sí. Ní líìgì ńlá, bí ẹ bá tiẹ̀ fi mẹ́wàá na èèyàn, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù sí i kó fi igi dá a lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Yankees, ẹgbẹ́ New York, ní 2004 nìyẹn. Wọ́n ti na Boston lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan kí wọ́n lé wọn lọ. Inning kẹsàn-án, Mariano Rivera ló ń jù, Dave Roberts sì wọlé wá dúró sí bésì àkọ́kọ́. Gbogbo pápá ló mọ̀ pé ó fẹ́ jí bésì kejì, ìyẹn ni kó sá débẹ̀ láìdúró de ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Rivera mọ̀ pẹ̀lú: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ju bọ́ọ̀lù sí bésì àkọ́kọ́ kó lè ká a mọ́. Nígbà tó wá ju ọ̀kan síwájú, Roberts ti lọ. Boston dọ́gba, wọ́n borí, wọn ò sì pàdánù mọ́ títí wọ́n fi gba ife tí wọ́n ti gbà kẹ́yìn ní 1918. Ẹ lọ wo fọ́nrán yẹn pẹ̀lú ọmọ yín. Sísá náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Jíju bọ́ọ̀lù sí bésì lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn ló ń mú ọkàn èèyàn lọ sókè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé eré àwọn òyìnbó nìkan ni. Ní Cuba, ní Matanzas tí àwọn ọmọ Lùkùmí ti ń ki òrìṣà wa títí dòní, wọ́n ti ń gbá a ní pápá Palmar de Junco láti 1874. Demi Orimoloye, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers ti líìgì ńlá yàn án ní 2015. Kò dé líìgì ńlá, ṣùgbọ́n orúkọ wa ti wọ ìwé wọn.

Bí wọ́n bá ti fi ọmọ yín sípò ẹni tó ń jù, ẹ wá pẹ́ńsù àti ìwé. Òfin Little League ni pé ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju 85 lọ lọ́jọ́ kan, àfi kó parí ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nígbà tó pé. Àwọn kóòṣì kan máa ń gbàgbé ìṣirò bí wọ́n bá ti ń borí. Ẹ máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jù ú. Bó bá ti pé 80, ẹ dìde dúró síbi tí kóòṣì ti máa rí yín.

*Ìyá Ìbejì, Chicago*