Ìdílé tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn fẹ́ mú mi gun òkè: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ ìdílé kan ní Swítsàlandì ni mò ń gbé. Mò ń bá wọn tọ́jú ọmọ, mo sì ń kọ́ èdè wọn. Wọ́n ní a máa gun òkè ní Sátidé, pé wákàtí márùn-ún péré ni. Mi ò gun òkè rí, bàtà tí mo fi ń sáré nìkan ni mo sì ní. Ojú ń tì mí láti sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, kí wọ́n má baà rò pé mi ò moore. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kíkó èèyàn gun òkè, àlejò tó ń dákẹ́ ló sì máa ń já mi láyà jù. Ó ti rẹ̀ ẹ́, bàtà ti bó o lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ bí wọ́n bá bi í, á ní kò sí wàhálà. Jókòó tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan kí Sátidé tó dé, kí o ní: "Inú mi dùn pé ẹ pè mí, ṣùgbọ́n mi ò ṣe é rí. Mítà mélòó la máa gùn? Ibo la ti lè yà padà bó bá rẹ̀ mí?" Kò sí àìmoore níbẹ̀ rárá. Àwọn tó dàgbà sí ẹ̀bá òkè mọ̀ pé ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè nìyẹn.

Wákàtí márùn-ún tí wọ́n dá yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara pátákó ojú ọ̀nà ni wọ́n ti kà á. Pátákó náà kì í ka ìsinmi mọ́ ọn. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, èèyàn á rin nǹkan bíi kìlómítà 4 ní wákàtí kan. Bó bá ń gòkè, á gun nǹkan bíi mítà 300 sókè ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá ní mítà 900 lẹ máa gùn, wákàtí mẹ́ta ti lọ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ẹni tí kò ṣe é rí sì máa ń dùn ún gan-an nígbà tó bá ń sọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mítà 400 tó.

Wo àwọ̀ àmì ojú ọ̀nà. Pátákó aláwọ̀ ìyeyè nìkan túmọ̀ sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ le lè rìn. Funfun, pupa, funfun ni ọ̀nà orí òkè: ibẹ̀ lè dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó lè tóóró, ọ̀gbun sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Funfun, búlúù, funfun kì í ṣe tìẹ báyìí. Yí bàtà rẹ dojú dé, kí o fi ìka wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti jẹ tán tó ń dán, má gbé e lọ síbì kankan. Bí ó bá ṣì ní eyín tó jinlẹ̀, ó tó fún ọ̀nà ìyeyè. Fún ti pupa, bàtà òkè gidi ni kí o bèèrè. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú ilé ní èyí tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu.

Mú aṣọ òtútù àti aṣọ òjò dání, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Bí a bá gun mítà 1,000, ooru á dín ní nǹkan bíi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 6. Kí ẹ tètè gbéra láàárọ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀sán ni ààrá máa ń sán jù lórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ohun kan tí ìdílé yẹn lè má rò ni irú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí o bá jẹ́ SS tàbí SC, má gun òkè gíga láìkọ́kọ́ rí dókítà, torí atẹ́gùn tó fẹ́lẹ́, òtútù àti òùngbẹ lè dá ìrora sílẹ̀. Àìmọye nínú wa ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gùn ún láìsí ìṣòro. Ṣùgbọ́n bí ìrora líle bá mú ẹni AS lábẹ́ ìhà òsì níbi tó ga gan-an, kó sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹnikẹ́ni tí orí bá ń fọ́ tí èébì sì ń gbé níbi tó ga ju mítà 2,500 lọ, kò gbọdọ̀ gòkè sí i.

Fi 1414 sínú fóònù rẹ, nọ́ńbà Rega, àwọn tó ń fi hẹlikọ́pítà gbà èèyàn là níbẹ̀. 112 náà ń ṣiṣẹ́. Bí hẹlikọ́pítà bá dé lókè yín, na ọwọ́ méjèèjì sókè kó dà bíi lẹ́tà Y: ó túmọ̀ sí pé ẹ nílò ìrànwọ́.

Paríparí rẹ̀, bi wọ́n bóyá iṣẹ́ ni Sátidé yẹn tàbí ìgbádùn. Ẹni tí kò gun òkè rí kò gbọdọ̀ di ọmọ ọlọ́mọ mú lójú ọ̀nà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Bàbá tàbí ìyá wọn ni kó mú wọn níbẹ̀. Níbi tó bá tẹ́jú, o lè gbà wọ́n. Bí ẹ bá sì kan màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ gba ọ̀nà tó jìnnà sí i, kí àwọn ọmọ má sì fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀, bó ti wù kó wù wọ́n tó.