Èsì: Ìdí tí wọn kò fi fa ṣúgà bàbá yín wálẹ̀ dé 100

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ béèrè pé kí ló dé tí bàbá ń gba insulin, èròjà tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe (ICU) nígbà tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ rí, tí àwọn dókítà sì tún fi ṣúgà wọn sílẹ̀ ní 160 (mg/dL, òṣùwọ̀n ṣúgà ẹ̀jẹ̀).

Bí àìsàn bá wọra gan-an, ẹ̀dọ̀ á máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, insulin ara kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Steroid, oògùn tó ń dín wíwú kù, náà máa ń gbé ṣúgà sókè.

Ní ti 160, ẹ fọkàn balẹ̀. Ní 2001, ìwádìí kan ní ìlú Leuven, ní Belgium, mú kí ọ̀pọ̀ dókítà máa fa ṣúgà wálẹ̀ sí 80 sí 110. Àmọ́ ní 2009, ìwádìí NICE-SUGAR, tó lé ní 6,000 aláìsàn, fi hàn pé àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ló kú jù. Látìgbà náà, bó bá tó 180 ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ insulin, wọn á sì dì í mú láàárín 140 sí 180.

Ẹni tó lajú sílẹ̀, bí ṣúgà rẹ̀ bá já, á gbọ̀n, á làágùn, á ké sí èèyàn. Ẹni tí oògùn oorun gbé lọ kò lè ké. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní gbogbo wákàtí. Bí ọwọ́ bàbá bá tutù tàbí tó wú, ẹ̀jẹ̀ orí ìka lè tanni jẹ. Èyí tí wọ́n fà láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló dájú jù.

Ẹ jọ̀ọ́, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá dá oúnjẹ tí bàbá ń gbà láti ọ̀pá imú dúró, ẹ bi wọ́n lójú ẹsẹ̀ pé kí ni wọ́n ṣe sí insulin, torí ṣúgà lè já.