Wọ́n ní obìnrin kì í jogún ilé: ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Àsàlámù aláékùmù, Alfa. Òkèlele n'Ílọrin ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi ilé kan àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sílẹ̀. Ìyá wa wà láyé. Ọkùnrin méjì ni wọ́n bí, àwa obìnrin jẹ́ mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní obìnrin kì í jogún ilé, pé ilé ọkọ ni ilé tiwa. Bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ìpàta ni mo san owó ọsibítù bàbá. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì wá ní àfi kí ẹ̀sìn wa yí padà, kó bá ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin tí ayé ń sọ mu. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Ṣé ẹ̀sìn lè yí padà? Kí ni ẹ̀tọ́ wa?

Ìdáhùn: Wàláékùmù sàlám, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun forí jin bàbá, kó fi àlùjánńà kẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n yín ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí òun ló dùn mí jù. Níbo ni wọ́n ti kà á pé obìnrin kì í jogún ilé? Kò sí nínú kéwú. Kò sí nínú àṣà Yorùbá náà. Ìdí-igi (kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan) tàbí orí-ò-jorí (kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀) ni àwọn baba wa fi ń pín ogún, ọmọbìnrin sì wà nínú méjèèjì. Opó ni àṣà yọ sílẹ̀, kì í fún ìyàwó ní nǹkan kan nínú ogún ọkọ rẹ̀. Ìsìláàmù ló fún un. Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín dì mú, ojúkòkòrò ni, wọ́n kàn wé láwàní fún un.

Ọ̀rọ̀ yín ti ṣẹlẹ̀ rí. Sọ̀hábà (alábàárìn Ànọ́bì) kan, Saad ọmọ Rabii, kú lójú ogun Uhudu lọ́dún kẹta Hijira. Arákùnrin rẹ̀ kó gbogbo dúkìá tó fi sílẹ̀. Ìyàwó Saad fa ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́, ó lọ bá Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó ní: bàbá àwọn ọmọ yìí kú lọ́dọ̀ yín ní Uhudu, arákùnrin bàbá wọn ti kó owó wọn lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè rí ọkọ fẹ́ láìní owó. Ànọ́bì ní Ọlọ́hun yóò dá ẹjọ́ náà. Áyà ogún sọ̀ kalẹ̀. Ànọ́bì ránṣẹ́ pe arákùnrin Saad náà, ó ní kó fún àwọn ọmọ Saad ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kó fún ìyá wọn ní ìdámẹ́jọ, kó wá mú ìyókù. Obìnrin ló gbé ẹjọ́ dìde, ọ̀run ló dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiyín. Ká ní gbogbo dúkìá bàbá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà, lẹ́yìn tí a ti yọ owó ìsìnkú, gbèsè àti wàsíyà (ohun tó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ikú òun). Ìyá yín mú ìdámẹ́jọ, mílíọ̀nù kan. Ó ku méje. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan mú mílíọ̀nù méjì, ẹ̀yin obìnrin mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ṣọ́ọ̀bù náà, láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pín in. Ti ọsibítù ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹ yá bàbá ni, tí ẹ̀rí sì wà, gbèsè ni, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó pín ohunkóhun. Bó bá jẹ́ inú rere ni ẹ fi ṣe é, láádá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ẹ má bá ọmọ yín jà o. Mo mọ̀ pé ó máa bi yín: kí ló dé tí ọkùnrin fi mú méjì? Mi ò ní tàn án. Súrátù Nísáì, áyà 11, ṣe kedere, kò sí alfa tó lè pa á rẹ́. Ọkùnrin ni Ọlọ́hun di ẹrù lé: sàdáàkì (owó ìyàwó), oúnjẹ, aṣọ, ilé. Owó obìnrin, ti obìnrin nìkan ni. Èmi náà ò fọ́jú, mo mọ iye ilé tó jẹ́ pé owó èlùbọ́ ìyá ló ń rán ọmọ níwèé n'Ílọrin níbí. Ọkùnrin tó gba ìpín méjì tó sì ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, á jíyìn rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni ọkùnrin ti ń gba méjì. Ẹni tó kú tó fi ọmọkùnrin sílẹ̀, ìdámẹ́fà ni bàbá rẹ̀ ń gbà, ìdámẹ́fà ni ìyá rẹ̀ ń gbà. Àwọn ọmọ ìyá tí bàbá wọn yàtọ̀, bí ogún bá kàn wọ́n, ọgbọọgba ni tọkùnrin tobìnrin ń pín ìdámẹ́ta (áyà 12).

Ibi tí ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀bùn ojú ayé. Sọ̀hábà kan fún ọmọ rẹ̀ kan lẹ́bùn, ó ní kí Ànọ́bì ṣe ẹlẹ́rìí. Ànọ́bì bi í bóyá gbogbo ọmọ rẹ̀ ló fún ní irú rẹ̀. Ó ní rárá. Ànọ́bì ní: "Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ẹ ṣe déédéé láàrin àwọn ọmọ yín." Imam Malik, tí à ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ níbí, wà lára àwọn tó ní kí ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba nínú irú ẹ̀bùn yìí. Àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ti gbà á sọ́wọ́ kí àìsàn ikú tó dé. Bàbá tó bá fẹ́ fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ nígbà tí ara rẹ̀ le. Mélòó nínú àwa bàbá ló ń ṣe é?

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà pọ̀ nílé wa, àwa tí a ń fi ẹnu ẹ̀sìn sọ ohun tí ẹ̀sìn ò sọ ni.

Ní báyìí, kó mú bírò, kó kọ gbogbo ohun tí bàbá fi sílẹ̀: ilé, ṣọ́ọ̀bù, iye tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ń san, ọjọ́ tí wọ́n san án kẹ́yìn. Ẹ mú ìwé náà wá lọ́jọ́ Àlàmísì lẹ́yìn ìrun Aláásárì, màá ránṣẹ́ pe àwọn ẹ̀gbọ́n yín àti lèmọ́mù àdúgbò. Bí wọ́n bá kọ̀, kóòtù wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ogún Mùsùlùmí, títí dé Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà n'Ílọrin níbí. Ìyá yín náà, kí wọ́n bá yín wá. Lẹ́yìn gbèsè, ìdámẹ́jọ tiwọn la máa kọ́kọ́ yọ.