Èsì: MRI (àwòrán ọpọlọ) àbúrò mi tó ní wárápá mọ́, kí ló dé tó fi ń pe ṣíbí ní “nǹkan ìjẹun yẹn”?

Ẹ kú ìrọ́jú. Pé MRI mọ́ kò sọ ìgbàgbé àbúrò yín di irọ́. Bí ọpọlọ ṣe rí ni MRI lásán ń yà. fMRI, irú MRI mìíràn, ló ń fi ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ hàn nígbà téèyàn bá ń wá ọ̀rọ̀.

Bí wárápá náà bá ń bẹ̀rẹ̀ láti apá ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì, ẹ bi dókítà bóyá àwòrán ti wárápá gan-an ni wọ́n yà, èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ní mìlímítà 1, kí hippocampus (apá ọpọlọ tó wà fún ìrántí) lè hàn dáadáa.

Oògùn ńkọ́? Topiramate, oògùn wárápá kan, náà máa ń jẹ́ kí orúkọ nǹkan sọnù mọ́ni lẹ́nu. Àmọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín o!